Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ketill Máa Ń Tẹ̀ Ẹ́

Ọmọ àgùntàn kan já sójú ọ̀nà lójijì,
mo tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
pẹ́dà wọlẹ̀ bí ẹsẹ̀ tó bọ́ sínú ẹrẹ̀.
Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.
Òkìtì koríko ló gbà mí: ibẹ̀ ni Láńdíróbà àtijọ́
forí sọ, tó sì dákẹ́.
Àgbò méjì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ń wò mí
bí èrò tó fẹ́ gba owó ọkọ̀ padà.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó kó ẹran sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè,
gbogbo àfonífojì ni yóò jáde, tọmọdé tàgbà.
Ọkọ̀ tí kò lè dúró, kí ló ń wá láàárín wọn?
Mo pe Hallbera, ọmọ aládùúgbò mi,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí gírísì ti mọ́ lára.
Ó gbé jáàkì dé, sípánà mẹ́ta, ìgò jáàmù kan,
àti róbà tín-ín-rín tó tú lára ẹ̀rọ ìfúnwàrà bàbá rẹ̀.
Ó ní kí n má sọ fún bàbá.

A kọ́kọ́ bi epo bíréèkì léèrè. Epo kún.
A tọ páìpù láti imú ọkọ̀ dé ìdí:
ó dógùn-ún, ṣùgbọ́n kò sunkún.
A yọ táyà, a yẹ bàtà bíréèkì wò,
ó gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀.
Ó wá ku àgbà sílíńdà tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Òun la dá lẹ́bi, nítorí òun ló dàgbà jù.
Tuntun dé láti Akureyri, owó àgùntàn mẹ́rin;
a dè é, a tẹ̀ ẹ́,
pẹ́dà tún rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni jókòó sórí tìmùtìmù.

"Tẹ̀ ẹ́!" Mo tẹ̀ ẹ́.
"Dì í mú bẹ́ẹ̀!" Mo dì í mú.
Epo ń ṣàn nínú róbà, ó ń wọnú ìgò,
kò hó, kò sọ̀rọ̀, ó mọ́ lóló.
Ìkíní rì. Ìkejì le bí òkúta.
Hallbera yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀:
"Ìyá, ta ló kọ́ yín láti máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀.
Ketill ló máa ń ṣe é. Mo rò pé ìwà rẹ̀ ni,
bó ṣe máa ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
bó ṣe máa ń fi ṣíbí gbá etí ife, ko, ko,
kó tó mu kọfí.

Ó padà sábẹ́ ọkọ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ níbẹ̀.
Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga.
Sílíńdà ọ̀tún ló wà lósì, tòsì ló wà lọ́tùn-ún,
ihò tí afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde kọjú sílẹ̀.
Afẹ́fẹ́ a sì máa gòkè ni.
Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó sí àjà,
tí à ń ṣílẹ̀kùn ìsàlẹ̀ fún un.

Ìgbà òtútù yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n.
Ó ti ilẹ̀kùn gáréèjì, ó ní kí n lọ sùn,
ọkọ̀ òun ni, òun ló mọ̀ ọ́n.
Ó ti ní láti mọ̀. Ó kàn fẹsẹ̀ bò ó ni,
ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì, títí ó fi kú.

A pààrọ̀ wọn. Afẹ́fẹ́ tú jáde, ó ń hó nínú ìgò jáàmù.
Mo wa ọkọ̀ dé etí odò, mo tẹ̀ ẹ́.
Ó dúró gbọnyin.
Ẹsẹ̀ mi ti gbéra fún ìkejì,
mo sì jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́.